Ọmọ Ayò 48, Wákàtí 48

Àgbà ilẹ̀ Yorùbá wo ni kò mọ ọpọ́n ayò? Ojú 12, ọmọ mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ìṣirò àti àròjinlẹ̀ ni eré náà fi ń kọ́ni. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ òbí ní Ilé-Ifẹ̀ fi ń pe eré orí kọ̀ǹpútà ní ìfàkókòṣòfò? Ẹ̀bi ń bẹ lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú: eré tí ẹlòmíràn ṣe ni wọ́n ń fi òru ta, wọn kì í jókòó ṣe tiwọn.

Àpéjọ kan wà tí a ń pè ní game jam. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké a gbọ́ kókó-ọ̀rọ̀ kan náà, olúkúlùkù ẹgbẹ́ a sì ṣe odidi eré kan kí àkókò tí a dá tó pé. Irú rẹ̀ wáyé ní Oakland, ní Amẹ́ríkà, ní 2002. Ní 2009 ni Global Game Jam bẹ̀rẹ̀, tí ó fún àwọn ẹgbẹ́ ní wákàtí 48 péré: wákàtí kan fún ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan.

Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan a kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé, èkejì a ya àwòrán, ẹ̀kẹta a wá orin àti ìró, ẹ̀kẹrin a la ìtàn àti òfin eré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ni ìdánwò náà ń wò ju ìmọ̀ lọ. Ní wákàtí kìíní, èrò ńláńlá ni gbogbo wọn ní. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, yóò hàn pé àkókò kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí akọni inú eré rin ìlú mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gbà kí ó rin ẹyọ kan, kí ó má sì bínú. Ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù bá di tirẹ̀ mú yóò ní àwòrán dáradára àti orin dídùn, ṣùgbọ́n kò ní ní eré.

Fún ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìrun mẹ́wàá ni yóò bọ́ sínú wákàtí 48 náà. Kí wọ́n kọ wọ́n sínú ètò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ètò tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìrun, oúnjẹ àti oorun, dídàrú ni yóò dàrú.

Ilé-Ifẹ̀ kò ṣaláìní ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ifẹ̀, a ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọnà, orin àti èdè Yorùbá nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ọ̀fẹ́ ni Godot, ètò tí a lè fi ṣe eré. Maliyo Games, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, sì jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ Nàìjíríà lè fi eré ṣíṣe ṣe iṣẹ́. Iná tí ń lọ kì í ṣe àwáwí: ẹgbẹ́ tí ó mọ bí a ti ń gé èrò rẹ̀ kù yóò gé e mọ ìwọ̀n iná tí ó ní.

Kí ni a tún ń dúró dè? Kí ọ̀dọ́ mẹ́rin láti inú ẹ̀kọ́ mẹ́rin fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣe eré kan. Ìbáà kéré, kí ó ṣáà ti parí. Ọ̀ta ayò mọ̀ pé ojú tí ọmọ kan ṣoṣo dá wà nínú rẹ̀ ni a ń tètè jẹ.