Ẹgbẹ́ Ìdárayá àti Ọ̀rọ̀ Òṣèlú: Níbo Ló Yẹ Kí Ẹnu Dúró?

Ní Ìyànà Ìyẹsí, lójú ọ̀nà tó gba Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò, ẹni tó bá ní òun fẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ òṣèlú kò lè rí ibi sá sí. Ó wà níwájú ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, ó wà nínú ọkọ̀ èrò, kò sì sí òde àríyá tí kì í dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ kó dé ni ẹgbẹ́ tí wọ́n torí ìlera àti fàájì dá sílẹ̀, bí ẹgbẹ́ àwọn tó ń rin ìrìn gígùn láàárọ̀ Sátidé kí ọkọ̀ tó gba títì kan. Òfin tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ òṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn sílẹ̀.

Òfin náà kì í ṣe òfin òpònú. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 526,565 ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà níbẹ̀ sì ti kó oríṣiríṣi ẹ̀yà wá sílẹ̀ àwọn Àwórì. Ẹ̀gbá, Yewa, Ìgbò àti Hausa ló ń gbé ojúlé kan náà. Nígbà tí wọ́n dìbò ààrẹ lọ́dún 2023, Bọ́lá Tinúbú ló borí ní Ògùn, ṣùgbọ́n ní Èkó tí ọ̀pọ̀ ará Ọ̀tà ti ń ṣiṣẹ́, Peter Obi ló ní ìbò tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lásìkò náà kò ní gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ṣe wọ inú àríyànjiyàn náà, àti bí àwọn tó ti ń bá ara wọn ṣeré láti ọdún pípẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn tìfura-tìfura. Ta ni yóò fẹ́ gbé irú ìyẹn wá sínú ẹgbẹ́ tó ń rìn kí ọkàn lè balẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí ni òṣèlú gan-an? Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Ìyànà Ìyẹsí ń bá àwọn tírélà du ojú ọ̀nà. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wá sọ pé ó yẹ kí wọ́n ṣe ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbà, tàbí pé èéfín iléeṣẹ́ kan kò jẹ́ kí ènìyàn lè mí dáadáa, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló sọ yẹn, nítorí ẹni tí aráàlú dìbò fún ló ni iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ tó bá pa á lẹ́nu mọ́ ti ní kó máa rìn, kó má sì bèèrè ọ̀nà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Manchester, gun òkè Kinder Scout tí àwọn onílẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má dé. Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, ló ṣáájú wọn. Márùn-ún nínú wọn ló dèrò ẹ̀wọ̀n, oṣù mẹ́rin ni wọ́n dá fún Rothman. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ arìnrìnàjò-afẹ́ fúnra wọn bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Lọ́dún 1949, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó fàyè gba ọgbà ìṣẹ̀dá àpapọ̀ àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń gun òkè náà ń jẹ nínú wàhálà àwọn tí wọ́n pè ní oníjàgídíjàgan.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Austria. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ agunkè ilẹ̀ Jámánì àti Austria bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn Júù síta. Àwọn Júù àti ọ̀rẹ́ wọn dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ ní Vienna, wọ́n pè é ní Donauland, ṣùgbọ́n lọ́dún 1924, ẹgbẹ́ ńlá náà dìbò lé ẹ̀ka yìí dànù. Níbẹ̀, àwọn tó pọ̀ jù ló gbé òṣèlú wọlé. Àwọn tó kéré ló jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti ní kí kálukú máa sọ tẹnu rẹ̀.

Nílé níbí, Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1945, ọ̀rọ̀ àṣà àti ìṣọ̀kan Yorùbá ló fẹnu bà. Kò pẹ́ rárá tí Action Group, lọ́dún 1951, fi jáde láti ara rẹ̀. Yorùbá tó wà nínú NCNC, bí Adégòkè Adélabù n'Íbàdàn, kò lè ka ẹgbẹ́ àṣà náà sí ti gbogbo ọmọ Odùduwà mọ́. Ní Ọ̀tà gan-an, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá Africa Leadership Forum sílẹ̀ lọ́dún 1988, wọ́n sì ń ṣe ìjíròrò tí wọ́n pè ní Farm House Dialogue ní oko rẹ̀. Ẹni tó lọ síbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú lòun wá sọ. Kò sẹ́ni tó fi eré ìdárayá tàn án lọ.

Àwọn olóṣèlú kúkú mọ adùn ìrìn. Ìrìn àtìlẹ́yìn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ àwòrán sí àti omi ọlọ́ràá, ti di ara ìpolongo ìbò. Alága ẹgbẹ́ ìdárayá tó bá gba irú ṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó wá ń ké "kò sí òṣèlú níbí" mọ́ ẹni tó ń ráhùn nípa títì, òun gan-an ló rú òfin náà.

Ó yẹ kí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, àwòrán olùdíje àti ìbúra-ẹni nítorí ẹ̀yà dúró síta. Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti atẹ́gùn tí imú ń fà wọlé, ìbáà bí aláṣẹ kan nínú. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún un, kí ẹni tó bá wù kó wá. Ìṣòro tó kù ni ti ẹni tí yóò máa ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí lẹ́tà tí ẹgbẹ́ bá kọ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìyẹsí, ọ̀dọ̀ aṣòfin kan ni yóò dé, aṣòfin náà sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀.