Ta Ni Ọ̀dọ́ Òkè-Àkò Yóò Sọ Ọ́ Fún?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọba mẹ́ta lọ́nà ní agbègbè Òkè-Àkò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Wọ́n pa ọba Esun-Èkìtì àti ọba Imojo-Èkìtì. Orí ni ó kó Alárá ti Ará-Èkìtì yọ. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré-Èkìtì. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ààbò ni ó gba ẹnu gbogbo wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tí ó ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí oko, tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò rí oorun sùn mọ́, ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19, ẹnì kan nínú 7 ni ó ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀lẹ ni a ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí kí a ní ayé ló ń ṣe é. A ó máa wò ó títí yóò fi wọjà, kí a tó wá owó ọkọ̀.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ tí a jogún láti ayé òyìnbó amúnisìn, ó sì ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ léèwọ̀. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ìdó àti ní Adó. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ kì í náwó ọkọ̀ dé Ìdó nítorí pé inú rẹ̀ bà jẹ́. Nítòsí ilé ni ó ti yẹ kí ó rí ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ọ.

Èyí kì í ṣe àlá. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ń fi àwọn aláìsàn Arò sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká ní Abẹ́òkúta, láàárín ẹbí àti aládùúgbò. Ní Ọ̀ṣun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé bí a ti ń dá àárẹ̀ ọpọlọ mọ̀ àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti ọdún 2006. Wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbọ́ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 573, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, fi hàn pé ara àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ kò pè é ní wèrè; ríronú jù ni wọ́n ń pè é. Ṣé àwa náà kò mọ ìrònú?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àṣírí. Ní ìlú kékeré, nọ́ọ̀sì lè jẹ́ àbúrò ìyá ọmọ náà, tàbí kí wọ́n jọ máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ òun yóò ṣáájú òun délé kò ní la ẹnu. Ní èrò tèmi, kí olùgbọ́ láti Ìpáò máa wá sí Òkè-Àkò, kí ti Òkè-Àkò máa lọ sí Itapaji, ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nínú yàrá tí ó ní ilẹ̀kùn. Àṣírí náà sì ní ààlà: bí ọmọ bá ní òun fẹ́ pa ara òun, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì gbé e lọ sí Ìdó tàbí Adó ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a sọ èyí fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.