Ẹni Tó Ṣẹ̀ Kọ́ Lẹ Nà

Ẹ̀yin tí ẹ tún ń pariwo kiri pé kí Nàìjíríà ti bodè Bẹ̀nẹ̀ pa, ẹ jókòó, mo fẹ́ bá yín wí. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún 2019 ni? Ní oṣù keje ọdún náà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ìwé àdéhùn òwò Áfíríkà nílùú Niamey, pé kí ọjà máa lọ kó máa bọ̀ láàárín wa. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti bodè orí ilẹ̀. Ṣé bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn?

Wọ́n ní torí fàyàwọ́ ìrẹsì ni. Òótọ́ ni, fàyàwọ́ wà. Ìrẹsì Thailand àti ti Íńdíà ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀, owó bodè ibẹ̀ kéré, tiwa sì jẹ́ ìdá 70 nínú 100 nígbà náà. Àmọ́ ìrẹsì kì í dá fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú aṣọ́bodè. Ẹni tó gba rìbá tó mójú kúrò, ọmọ wa ni. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé; ẹ̀yin fi tiyín sílẹ̀, ẹ gé ti aládùúgbò.

Ta ló jìyà bodè tí wọ́n tì? Àgbẹ̀ Grand-Popo ní Bẹ̀nẹ̀ tó gbin tòmátì ni. Kò bá onífàyàwọ́ da nǹkan pọ̀, Èkó ló ń kó ọjà rẹ̀ wá. Tòmátì wà nínú apẹ̀rẹ̀ ní bodè Sẹ̀mẹ̀, oòrùn ń pa á, omi rẹ̀ ń jò sílẹ̀, àwọn awakọ̀ há sójú títì. Tòmátì kì í dúró de ìpàdé ìjọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́pẹ òyìnbó Àlàdá. Orílẹ̀-èdè tí kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 èèyàn lọ nígbà náà, níbo ni kí wọ́n tún gbé ọjà wọn lọ?

Ẹ̀yin aláṣẹ Kútọnu, ẹ gba tiyín náà: ẹ fi owó bodè ìrẹsì àti mọ́tò tokunbọ̀ gbọ́ bùkátà ìlú, nígbà tí ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni ọjà ọ̀hún ń bọ̀. Kò dáa.

Àwa gan-an ò sì jèrè. Ìrẹsì gbówó lórí lọ́jà wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí bodè, ìyà sì jẹ àwọn ará wa títí dé Ìmẹ̀kọ. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, bodè Ìdí-Ìrókò wà ní títì di ọdún 2022.

Bí ẹ bá fẹ́ gbógun ti fàyàwọ́, ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè tiwa ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ kó tòmátì rẹ̀ wọ Èkó.