Yára Yàtọ̀ sí Tètè: Ẹ̀kọ́ Kan láti inú Èdè Sípéènì

Àṣà kan ti wọ́pọ̀ nínú kíkọ́ni ní èdè abínibí nílẹ̀ yìí. Olùkọ́ a kọ yára, tètè àti kíákíá sí ojú pátákó, a sì fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Àṣà yìí ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

Àwọn tí ń kọ́ni ní èdè Sípéènì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, deprisa jẹ mọ́ bí ìṣe ṣe yá sí. Pronto ń sọ pé kò ní pẹ́. Temprano sì ń tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kùtùkùtù tàbí ṣáájú àsìkò. Ẹni tí a sọ pé se levantó deprisa yára dìde, ìbáà jẹ́ ọ̀sán gangan ló jí. Ẹni tó se levantó temprano tètè dìde, bí ó tilẹ̀ rọra ṣe é. Wọn a tún kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé rápido a máa di rápida bí ó bá ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ abo, ṣùgbọ́n despacio kì í yí padà.

Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú èdè Yorùbá, ìlànà tirẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé. Yára àti tètè a máa ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe; kíákíá àti wéréwéré a máa tẹ̀ lé e. Ìgbò ní ngwa ngwa, Haúsá ní da sauri. Bí Haúsá bá fẹ́ sọ pé kí ènìyàn rọra ṣe nǹkan, a hankali ni wọ́n ń wí, làákàyè sì ni hankali. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ju àìyára lọ. Ìṣọ́ra wà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo kò lè gbé gbogbo èyí.

Àwọn kan lè sọ pé ilé ni ọmọ ti ń kọ́ irú nǹkan báyìí. Òtítọ́ ni, níbi tí wọ́n bá ti ń sọ èdè náà nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá ni kò ní ibòmíràn ju kíláàsì lọ tí wọ́n ti lè bá a pàdé.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ máa fi gbólóhùn kọ́ni dípò ìtumọ̀ lásán. Ẹ wo èyí: "Ó yára rìn, ṣùgbọ́n kò tètè gbéra, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ dé." Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka yára àti tètè sí ọ̀kan náà kò lè lóye rẹ̀.