Ẹ Yé Dá Máìkì Lẹ́bi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé dá máìkì lẹ́bi. Bí ohùn bá ti fọ́, ẹ ó ní máìkì olówó pọ́ọ́kú ni. Irọ́ ni! Ẹ̀yin lẹ fa ìwọ̀n ohùn tó ń wọlé dé 100, nítorí ẹnì kan ní kí ohùn ṣáà ti ròkè.

Lórí kọ̀ǹpútà, 0 dB ni òrùlé. Ohùn tó bá ga jù ú lọ, kọ̀ǹpútà á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ohun tó gé kò sì sí nínú fáìlì mọ́. Audacity kò lè dá a padà. Àfi kó fojú dá a. Ṣùgbọ́n ohùn tó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ lè gbé e sókè tó bá yá. Lóòótọ́, ariwo abẹ́lẹ̀ á bá a gòkè. Ẹ sún máìkì mọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni bí a ṣe ń dán an wò. A ó ní kí bàbá oníjàálá ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bàbá á kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí àlejò, a ó ní ó ti dáa. Ìgbà tí bàbá bá wá fa ohùn sókè láti sun ìjálá gan-an, ìdíwọ̀n ohùn á di pupa fòò. Ṣé ẹ máa ní kí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tún un sun ni? Bó bá tilẹ̀ tún un sun, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Ohùn tó ga jù lọ ni kí ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé, kí ẹ wá dín ìwọ̀n kù títí ṣóńṣó rẹ̀ kò fi ní kọjá -12 dB. Bí Windows lẹ ń lò, ẹ wo Microphone Boost náà: ó lè ti fi 30 dB kún un láìsọ fún yín.

Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ń fi Zoom gba ìtàn lẹ́nu ìyá yín, ẹ pa àtúnṣe ìwọ̀n aládàáṣe rẹ̀. Bí màmá bá dákẹ́ láti mí, jẹnẹrétọ̀ ló máa ń gbé sókè.

Àwọn olùkọ́ wa náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ń ka ohun tá a tẹ̀ sínú ìwé, wọn kì í gbọ́ fáìlì. Kí wọ́n gbọ́ ìṣẹ́jú kan péré kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bó bá fọ́, kí wọ́n dá a padà nígbà tí bàbá ṣì wà láyé.