Ẹran Kì Í Sọ Ọmọ Di Olè

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá: ọmọ tí wọ́n bá ń fún ní ẹran àti ẹyin déédéé yóò di olè. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ á mọ adùn, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìkòkò ọbẹ̀, láti inú ìkòkò á dé àpò ìyá rẹ̀, láti inú àpò á dé ilé onílé. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń bu ọbẹ̀, ẹran tó jọjú ni ti bàbá, eegun àti bíńtín tó kù ni ti ọmọ. Níbi tí owó bá ti há, ìgbàgbọ́ yìí tún di ọgbọ́n ṣíṣọ́wó ná: ti ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, kì í sì í dín ìnáwó ilé kù.

Ohun tó bí ìgbàgbọ́ náà

Ọ̀wọ́n ni gbòǹgbò rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹran kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́. Ohun tí ọdẹ bá gbé wálé, tàbí èyí tí wọ́n bá pa níbi ọdún àti ìnáwó, ni wọ́n ń jẹ. Adìyẹ ilé kò pọ̀. Ẹyin tí ọmọ bá jẹ lónìí ni òròmọdìyẹ tí kò ní sí lóṣù tó ń bọ̀. Èèwọ̀ tó bá dẹ́rù ba ọmọ ló lè dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀sìn adìyẹ ni èèwọ̀ náà ń ṣọ́, kì í ṣe ìwà ọmọ. Lónìí, ẹyin tó kún ọjà wá láti oko ọ̀sìn tí kò sí àkùkọ láàárín àwọn adìyẹ ibẹ̀; kò lè pa láéláé. Ohun tí èèwọ̀ ń ṣọ́ ti lọ, èèwọ̀ nìkan ló kù.

Ẹ̀rí tó takò ó

Bó bá jẹ́ pé ẹran ń kọ́ ọmọ lólè, ilé alápatà ni olè ìbá pọ̀ sí jù. Ọmọ ọdẹ ìbá ya jàgùdà. Ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sétí omi, tí ẹja kò wọ́n nínú àwo rẹ̀, ìbá máa fọ́lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń yọ ẹran nínú ìkòkò lóru ni ọmọ tí ara rẹ̀ ń wá ohun tí wọn kò fún un lọ́sàn-án. Ọmọ tó mọ̀ pé ìpín òun ń bọ̀, tó sì mọ̀ pé ó máa tó òun, kò ní ohun tó ń wá lábẹ́ ìdérí. Àìkọ́ ni olè jíjà ti ń wá. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò sọ pé ọmọ tí a bọ́ yó ni.

Ohun tí ara ọmọ ń béèrè

Èròjà amúaradàgbà, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní purotéènì, ni ara fi ń kọ́ iṣan, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò nǹkan bíi gíráàmù 13 lójúmọ́. Ọmọ ọdún 4 sí 8 nílò 19. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 nílò nǹkan bíi 56. Ó dà bíi pé ti bàbá ló pọ̀ jù, àmọ́ tí wọ́n bá fi wé bí oníkálukú ṣe wọ̀n tó, gíráàmù 0.8 ni kílò kan lára àgbà ń béèrè, ti ọmọ kékeré lé ní gíráàmù 1. Ẹni tó ń kọ́lé tuntun nílò búlọ́ọ̀kù ju ẹni tó ń lẹ ògiri lọ. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á nímọ̀ràn pé kí ọmọ oṣù 6 sí 23 máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin lójoojúmọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí èyí kò bá sí kò ṣàjèjì. Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, ṣàpèjúwe àìsàn kan tó ń mú àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì fi sórí oúnjẹ àgbàdo lásán: ẹsẹ̀ á wú, awọ á máa bó, irun á pọ́n. Ní 1935, ó fi orúkọ tí àwọn Gá ń pè é kọ ọ́ sílẹ̀: kwashiorkor, àìsàn tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò. Àwọn òbí Nàìjíríà rí i ní ojú kòrókòró nígbà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970. Owó tí wọ́n yọ lórí ẹran ọmọ, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á, yóò sì gba èlé lórí rẹ̀.

Bí owó ẹran ṣe ń dín kù

Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ yẹ. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní purotéènì tó tó gíráàmù 23, kò sì kéré sí ti ẹran màlúù tútù tí kò lọ́ràá, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó ti ẹran. Ohun tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní in. Èyí tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní in. Ìdí nìyẹn tí àdàlú, ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, àti ògì pẹ̀lú àkàrà fi ń ṣara lóore.

Àmọ́ ẹ̀wà kò ní fítámì B12, tí ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ní. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ti tó ọmọ. Ẹyin kan ní purotéènì gíráàmù 6, èyí tó sún mọ́ ìdajì ohun tí ọmọ ọdún méjì nílò lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀ bíńtín ní B12, fítámì A àti èròjà tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀. Edé lílọ̀ àti yọ́yọ́ tí wọ́n ń jẹ teegunteegun ń fún egungun lágbára. Pọ̀nmọ́ kò lè gba ipò wọn: awọ ni, purotéènì inú rẹ̀ kò pé, kí wọ́n fi kún ọbẹ̀ ló yẹ, kí wọ́n má fi rọ́pò ìpín ọmọ.

Ọgbọ́n rírà náà wà. Ẹran orí ìwọ̀n kílò sàn ju ẹran tí wọ́n ń fojú díwọ̀n lọ. Bí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dáwó jọ ra ewúrẹ́ tàbí ìdá kan lára màlúù, èrè alárobọ̀ á kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọn kò bá sè lọ́jọ́ náà, kí wọ́n dín in tàbí kí wọ́n yan án gbẹ. Ẹran máa ń sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ nù lórí iná, nítorí náà gígé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́ ló ń jẹ́ kó kárí.

Ìpín

Àṣà Yorùbá gan-an ti dá ẹjọ́ yìí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ẹran inú ìkòkò bá pọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bu ti ọmọ. Bí kò bá pọ̀, ti ọmọ náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù, kí àgbà fi ẹ̀wà kún tirẹ̀.