Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọmọdé Máa Tẹ̀lé Ọdẹ Lọ Sí Igbó?

Ní ìlú méjèèje Ìbàràpá, láti Èrúwà àti Lànlátẹ̀ títí dé Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ́ àti Igangan, bí koríko bá ti gbẹ báyìí, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn. Àwọn ọmọdé á máa pe ajá jọ, àwọn ọ̀dọ́ á máa pọ́n àdá, ẹni tí kò sì wọ igbó láti ọdún tó kọjá á rántí pé ọdẹ ni bàbá ńlá òun. Àsìkò ọdẹ ti dé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fẹ́ dá aáwọ̀ sílẹ̀ nínú ilé mi, mo sì mọ̀ pé ilé tèmi nìkan kọ́. Ìbejì ni àwọn ọmọ mi tó dàgbà jù, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin. Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ Igbó-Ọrà kò ní bi mí pé báwo ni mo ṣe rí ìbejì. Táyé ní òun fẹ́ máa tẹ̀lé Bàbá Ọdẹ, àbúrò bàbá mi, lọ sí igbó ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá wọn fárígá.

Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọmọ mi ṣe ọdẹ. Ìbọn ń bẹ níbẹ̀, ejò ń bẹ níbẹ̀, àwọn ènìyàn burúkú sì ti wọ inú igbó báyìí. Ìwé ni mo ní kí ó kà.”

Bàbá Ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó wa, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé àpò tẹ̀lé bàbá mi. Ṣé mo kú ni?”

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ kò kú, ẹ ó sì pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì yín tí kò pé yìí ló ń bà mí lẹ́rù.”

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀, kò sì fèsì. Ìka méjì ni ìbọn mú lọ níbẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n fún mi láyè kí n rò ó. Ohun tí mo rò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé bàbá mìíràn lè wà níbì kan tí irú ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn Bàbá Ọdẹ. Olùkọ́ ni mí, mo sì mọ ohun tó wà nínú ìwé tí à ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí ọdẹ mọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí Bàbá Ọdẹ bá rí koríko tí eyín gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀yà ló kọjá. Bí ojú gígé náà bá sì tutù síbẹ̀, ó mọ̀ pé kò tíì jìnnà. Ó mọ ihò tí òkété wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí òkété ti kọ̀ sílẹ̀. Ó máa ń bu erùpẹ̀ díẹ̀, á dà á sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, nítorí pé ẹran tó bá gbóòórùn ènìyàn kò ní dúró dè é. Àwọn ọdẹ náà ló ni ìjálá, tí wọ́n fi ń ki ẹran kọ̀ọ̀kan ní oríkì tirẹ̀: bí ó ṣe ń rìn, bí awọ rẹ̀ ṣe rí, ohun tó ń jẹ àti bí ó ṣe ń sá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa ìjálá jọ lẹ́nu àwọn ọdẹ, kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Ọmọ tí kò bá bá ẹni tó mọ igbó rìn, àwòrán inú ìwé ni yóò fi mọ ẹtu, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń fi mọ kìnnìún.

Ṣùgbọ́n ní ti ìbọn, ẹ̀yìn ìyàwó mi ni mo wà. Òfin Ìbọn ti 1959 ní orílẹ̀-èdè wa kò gbà kí a fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ ìbọn, ìbọn ìbílẹ̀ tí à ń ki láti ẹnu náà sì wà lábẹ́ òfin yìí. Ìbọn yìí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ojú àti ọwọ́ ni ọdẹ fi ń díwọ̀n ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, tàbí bí ìpẹtà bá ti jẹ irin rẹ̀, ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Bí a bá sì ti kì í tán tí a kò rí ẹran, tí a gbé e kọ́ sára ògiri yàrá, ikú ni a gbé kọ́ yẹn, ọmọ tó bá fi ṣeré ni yóò jí i. Ìjàǹbá mìíràn tún wà tí àwọn ìyàwó ọdẹ mọ̀ dáadáa: ọdẹ méjì wà nínú igbó kan, ewé mì, ọ̀kan rò pé ẹran ni.

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ọdẹ jẹ́ ohun ìdílé gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Bàbá àti ọmọ ló máa ń jọ wọ igbó, orí ilẹ̀ ẹbí tàbí ilẹ̀ tí wọ́n san owó fún onílẹ̀ lé lórí ni wọ́n sì sábà ti ń ṣe é. Òfin wọn gba ọmọdé láyè láti yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà, mi ò sì ní fara mọ́ ìyẹn nínú ilé tèmi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a kọ́ lára wọn. Ẹni tí a bá bí ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ọdẹ kí ó tó lè dá nìkan lọ. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ìbọn, àti bí a ṣe ń wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran kí a tó yìn. Àgbọ̀nrín tiwọn ní àsìkò tí a lè pa á, ó ní iye tí ẹnì kan lè pa, kò sì sí ẹni tí òfin gbà láyè láti pa á lóru. Ẹ ó ní ìlú olówó ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló bí òfin náà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, àgbọ̀nrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ló bà wọ́n.

Ẹran tiwa ńkọ́? À ń fi erin àti ẹfọ̀n pa òwe, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàràpá wo ló ń pàdé erin lọ́nà oko lónìí? Òótọ́ ni pé ènìyàn ti pọ̀, oko sì ti gba ibi tí igbó wà. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà lọ́wọ́ wa. À ń fi iná lé ẹran jáde, à ń fi tọ́ọ̀ṣì fọ́ ọ lójú lóru, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi oògùn kòkòrò sínú oúnjẹ fún un. Bí ẹran bá bọ́ sójú ìbọn, a kì í wò ó bóyá aboyún ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kékeré kan bíi ti kíláàsì. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ọ̀yà fi ń lóyún, ó sì lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pa aboyún ọ̀yà bẹ́ẹ̀, ẹran kan ló gbé dé ọjà, ṣùgbọ́n márùn-ún ló yọ kúrò nínú igbó. Ti ẹtu tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Iná tí a dá nítorí òkété mẹ́ta, ìtẹ́ àparò ń bá a lọ, oko pákí àti ọgbà kajú ẹni ẹlẹ́ni sì ń bá a lọ. Ẹjọ́ tí yóò tẹ̀lé e kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ìyá náà ní iṣẹ́ tiyín nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1969 ni a ti dá àìsàn Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno, eku kan tó máa ń wọ inú ilé àti inú àká ló sì ń gbé e kiri. Ẹ bo oúnjẹ yín dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa kun ẹran ìgbẹ́. Kí ẹran jinná dénú kí a tó bù ú sáwo. Bí ọmọ bá sì gbé ẹran tó rí ní òkú wálé, tí kò sí ọgbẹ́ ìbọn tàbí ti tàkúté lára rẹ̀, inú ilẹ̀ ni kí ẹ sin ín sí, ìbáà sanra tó màlúù.

Ní ti àwọn ènìyàn burúkú tí ìyàwó mi mẹ́nu bà, ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́. Ní òru ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Igangan, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Láti 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ni àwọn ọdẹ ti wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀ Yorùbá, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Igbó òru ti di ti àwọn tó ń ṣọ́ ìlú. Kí ni ọmọdé ń wá níbẹ̀?

Nígbà tí mo rò ó títí, mo pe gbogbo ilé jọ, mo sì là á kalẹ̀ báyìí. Ọ̀sán ni wọn yóò máa lọ, etí oko wa ni wọn yóò sì máa dé. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, Bàbá Ọdẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìbọn tó ti kì wọ inú ilé. Kí Táyé mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, kí ó máa kọ ohun tó bá rí. Kẹ́hìndé dìde, ó ní, “Bàbá, èmi ńkọ́?” Ìyá rẹ̀ ní obìnrin kì í ṣọdẹ. Kẹ́hìndé dáhùn pé, “Ẹ ní wọn ò ní gbé ìbọn, ìwé ni wọ́n fẹ́ lọ kọ. Mo mọ̀wé kọ jù ú lọ.” Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn, nítorí mo ní ìwé àbájáde ìdánwò wọn lọ́wọ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe lọ.

Èmi náà bá wọn lọ ní Sátidé tó kọjá. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a jókòó sí etí oko pákí Bàbá Ọdẹ, a kò sọ̀rọ̀. Ọ̀yà kan yọ jáde láti inú eruwà, ó tóbi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí pákí. Bàbá Ọdẹ gbé ìbọn sójú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta yọ tẹ̀lé e. Bàbá sọ ìbọn kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Kẹ́hìndé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Bàbá, pákí yín ló ń jẹ yẹn o.”

“Mo rí i,” Bàbá dáhùn. “Ẹran ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun.”

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àgbàlagbà yìí kò lówó. Pákí yẹn ni yóò tà fi ra oògùn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ẹran yẹn ì bá sì mówó wọlé fún un lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Bàbá ro ìṣẹ́, ó ro ìyà, síbẹ̀ ó fi ẹran sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kì í ṣe òun ló bí wọn.

Nígbà tí a délé, Ìyá Ìbejì ti gbé omi ọbẹ̀ kaná. Ó wo àpò, ó wo ojú wa, ó ní, “Kí lẹ mú bọ̀?” Táyé na ìwé sí i. Ó kà á, kò sọ nǹkan kan, ó lọ mú ẹja gbígbẹ. Àmàlà àti ìlasa ni a jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń palẹ̀ àwo mọ́, mo gbọ́ tí ó ń béèrè lọ́wọ́ Kẹ́hìndé pé báwo ni àwọn ọmọ ọ̀yà náà ṣe tóbi tó.

Táyé ti wá ń yọ mí lẹ́nu báyìí pé kí a máa sin ọ̀yà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ará ilẹ̀ Bénin ti ń kọ́ bí a ṣe ń sìn ín nínú àgọ́, wọ́n sì ti di ọ̀gá nínú rẹ̀. Koríko ló ń jẹ, Ìbàràpá kò sì ṣaláìní koríko. Bí mo bá rí owó àgọ́, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ mọ igbó, ẹ má lé e. Ẹ wá àgbà tó ní sùúrù fún un. Ẹ gba ìbọn kúrò ní ọ̀rọ̀ náà títí ọmọ yóò fi dàgbà. Ẹ sì kọ́ ọ kí ó tó mọ bí a ṣe ń pa ẹran pé ẹran kan wà tí a kì í pa. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń ka ìwé ìròhìn yìí, mo fẹ́ gbọ́ èrò yín: ẹran wo ni bàbá yín mọ̀ ní igbó yín tí ẹ̀yin kò rí mọ́? Ẹ kọ̀wé sí mi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.